Eyín Tí Mo Fi Ń Gé Òwú

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Ọmọ mi, olórí kunkun mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé òtútù òkè òkun ti fi yín lọ́rùn sílẹ̀? Lẹ́tà rẹ tó dé gbẹ̀yìn, aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì nìkan lo ròyìn látòkè délẹ̀, iye tí ẹ fọ̀, iye tí ẹ ká, bíi pé ìwọ lo bí wọn. Èmi wà. Ilé wà. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì wà lójú fèrèsé níbi tí o bá a sí.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan, má pariwo. Eyín ń dùn mí. Kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu tí á sì lọ. Èyí ń lù mí bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu, ó gba etí kọjá, ó wá jókòó sẹ́yìn ojú. Apá òsì ni, èyí tí mo fi ń gé òwú.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. Láti kékeré lo ti ń sọ ọ́: "Màmá, àlùmọ́gàjí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín." Bí mo bá gbé àlùmọ́gàjí, mo gbọ́dọ̀ fi aṣọ sílẹ̀. Bí mo bá fi aṣọ sílẹ̀, ojú ìrán á yẹ̀. Eyín ò ṣeé gbàgbé sórí tábìlì. Ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń fi gé e. Bàbá rẹ, kó tó kú, a máa ní bí wọ́n bá kó ọgọ́rùn-ún aṣọ jọ, òun á mọ tèmi, òun á kàn wo ìdí òwú ni. Á ní, "Eyín ìyàwó mi rèé."

Iṣẹ́ wà nílẹ̀. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, ogójì, wọ́n fẹ́ ẹ kí oṣù karùn-ún tó parí. Mi ò ráyè eyín dídùn. Oníbúrẹ́dì tó wà ní yàrá kejì ní kí n lọ rí dókítà eyín. Mo ní kó lọ tọ́jú ààrò rẹ̀. Kí ni dókítà eyín fẹ́ ṣe? Á yọ ọ́. Bó bá yọ ọ́, ṣé ẹnu tirẹ̀ ni n ó fi gé òwú?

Torí náà fi oògùn ránṣẹ́. Èyí tó lágbára. Oníkẹ́mísì ìkóríta yìí ń ta nǹkan fún mi, àmọ́ ó jọ pé ẹfun ló ń rọ.

O tún ní kí n ra fóònù. Fóònù ò ṣeé ká sábẹ́ ìrọ̀rí. Kọ̀wé sí mi, n ó kà á fúnra mi, bó bá gba àárọ̀ títí di alẹ́.

Èmi ìyá rẹ ni. Kò sẹ́ni tó bá mi kọ èyí.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Mo kí yín, mo kí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo kí oníbúrẹ́dì tí ẹ ń bú.

Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo kà á, ẹ̀rẹ̀kẹ́ èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ń bọ̀ wálé lọ́la, mo ti fi oògùn rán an sí yín. Ó lè dé ṣáájú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi ka ohun tí mo kọ síbí.

Oríṣi méjì ló wà nínú páálí kan. Èyí tó funfun, ìrora ló ń pa. Ẹ jẹun, kí ẹ gbé ẹyọ kan mì pẹ̀lú omi tó pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́ta lọ lójúmọ́. Èyí tó jẹ́ pupa àti dúdú, kòkòrò tó ń fa ìwúlé ló ń pa, àárọ̀ kan, alẹ́ kan. Ẹ má fi oògùn oníkẹ́mísì kún un, torí ó lè jẹ́ oògùn kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀, ẹ ó sì ti lo ìlọ́po méjì láìmọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà eyín. Oògùn yìí ń pa ariwo ni, kò pa iná. Dókítà kan ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, mo sì gbà á gbọ́.

Iṣẹ́ ń lọ. A gba aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì méjì kún ti tẹ́lẹ̀. Ara mi le. Ẹ má ronú mi.

Ọmọ yín.


Ọgbọ̀njọ́, oṣù kẹta

Ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ẹni tí o rán dé lọ́jọ́ kejìlélógún. Ó sanra, ó ní ẹ̀rín lẹ́nu, ó ní ìwọ lo ń ká aṣọ yára jù nínú gbogbo wọn. Mo ní mo mọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ. Ó gbé páálí oògùn lé mi lọ́wọ́, mo ní lẹ́tà ńkọ́, ó ní kò sí lẹ́tà. Mo ní ọmọ mi ò lè fi nǹkan ránṣẹ́ láìkọ̀wé. Ó ní bóyá ó ń bọ̀ lọ́nà. Títí di òní, bàbá onílẹ́tà ń gba iwájú ilé yìí kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ṣé kí n máa wo oògùn nílẹ̀, kí eyín máa pa mí? Oníbúrẹ́dì na ọwọ́, ó ní, "Ẹ mú un wá, Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ka ohun tí wọ́n kọ sí i." Mo ní ṣé ó rò pé afọ́jú ni mí. Ó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ló wá jẹ́. Ó padà sí yàrá rẹ̀.

Mo fi làákàyè mi ṣe é. Bí aṣọ bá ya ní èjìká, a kì í lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ọn ní ẹsẹ̀. Eyín ló ń dùn mí, kí ni n ó máa fi oògùn ránṣẹ́ sí ikùn sí, ikùn tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni? Mo mú hóró funfun kan, mo tì í mọ́ ìdí eyín náà gan-an, láàárín eyín àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo pa ẹnu dé, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Mo rán ọwọ́ aṣọ méjì. Ó kọ́kọ́ korò. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Mo ní ìyẹn ni pé ó ń ṣiṣẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọmọ, oògùn rẹ jó mi. Ẹran ìdí eyín mi di funfun, ó ń bó bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí. Wàyí o, eyín ń dùn, ibi tí eyín dúró lé náà ń dùn. Mo fi ti oníkẹ́mísì kún un, méjì láàárọ̀, méjì lọ́sàn-án, mo gbé ìyẹn mì, òòyì sì ń kọ́ mi lọ́jọ́ náà bíi pé mo wà nínú ọkọ̀ ojú omi.

Irú oògùn wo lò ń fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ? Wá òmíràn. Aṣọ mẹ́rìnlá ni mo ti rán nínú ogójì, bẹ́ẹ̀ oṣù ò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìyá rẹ tí ẹnu rẹ̀ ń ta.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Màmá,

Ẹ kú ìrora. Mi ò tíì lè sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà yín.

Ta ló ní kí ẹ ti oògùn mọ́ eyín? Gbígbémì ni wọ́n ń gbé e mì. Bó bá dé ikùn, ẹ̀jẹ̀ ló máa gbé e dé ibi tó ń dùn. Bí ẹ bá fi sí ojú ẹran bẹ́ẹ̀, jíjó ló máa jó o. Ẹ sì tún lọ da ti oníkẹ́mísì pọ̀ mọ́ ọn. Òòyì tó ń kọ́ yín yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni ara yín ń bẹ̀ yín. Irú àsèjù bẹ́ẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ariwo kankan ò ní sọ fún yín títí yóò fi bàjẹ́.

Gbogbo èyí ni mo kọ sínú lẹ́tà tí kò tíì dé. Àmọ́ inú lẹ́tà nìkan kọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí. Ká ní ẹ jẹ́ kí oníbúrẹ́dì bá yín kà á ni, ẹnu yín kì bá tí jó. Màmá, ìgbéraga yín ló ń ṣe yín léṣe, kì í ṣe eyín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan péré. Ẹ lọ rí dókítà eyín. Bí eyín bá ti bàjẹ́ dé ìdí, oògùn kan ò lè tún un ṣe. Ẹ kàn ń sún ọjọ́ náà síwájú ni.

Ẹ tètè fèsì. Mò ń ka ọjọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. N ó kí ọ dáadáa bí inú mi bá rọ̀.

Lẹ́tà rẹ méjèèjì dé lọ́jọ́ kan náà, ti oṣù kẹta àti ti oṣù kẹrin, bíi pé wọ́n pàdé lójú ọ̀nà. Mo ka ti àkọ́kọ́, mo rí i pé o ṣàlàyé. Mo ka ìkejì, mo rí i pé o bú mi.

O ní ìgbéraga. Ọmọ, wọ́n yọ mí kúrò ní ilé ìwé ní kíláàsì kejì kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lè máa lọ. Mo ti bí ọ kí n tó lọ jókòó láàárín àwọn àgbàlagbà nínú yàrá kan, tí ọmọdébìnrin olùkọ́ kan ń di ọwọ́ mi mú kí n lè kọ "a". Ìwọ wà lẹ́yìn mi nígbà yẹn, o ń sùn. Ìwé díẹ̀ tí mo mọ̀, mo fi ìtìjú rà á. Bí mo bá ní mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì bá mi kàwé, ìdí ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí ju eyín lọ. Mo ju lẹ́tà náà sábẹ́ àwọn aṣọ akọrin fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin mo ní ó dáa. O ní wọ́n kọ ọ́ sára páálí, n ó ka páálí. Mo wọ awò ojú, mo jókòó lójú fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èdè ibẹ̀ ni, mi ò mọ ohun tó ń wí. Àmọ́ wọ́n lẹ bébà funfun kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lórí bébà yẹn mo rí àwọn lẹ́tà kan tí ọwọ́ mi mọ̀ kí ojú mi tó mọ̀ wọ́n. Èmi ni mo fi òwú pupa kọ wọ́n sí àyà aṣọ ilé ìwé rẹ, aṣọ méjì lọ́dún, fún ọdún mẹ́fà.

Orúkọ rẹ ni.

Wọn kì í kọ orúkọ ẹni tí ara rẹ̀ le sára oògùn. Mo mú páálí náà lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ó ní, "Màmá, ọmọbìnrin kan ni wọ́n kọ èyí fún ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, nítorí eyín tó ti ń kó ọyún sínú. Wọ́n ní kó lò ó tán pátá, kó sì padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Hóró mélòó ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó dé ọwọ́ yín?" Mo sọ iye rẹ̀. Ó ní ìdajì nìyẹn.

Ìdajì fún ọ, ìdajì fún mi. O pín oògùn bí ẹni ń pín àkàrà òyìnbó. Eyín méjì ń dùn, kò sí èyí tó yó nínú wọn. O sì jókòó, o kọ ọ́ sí mi pé ara rẹ le, kí n má ronú rẹ. O ní dókítà kan ló sọ fún ọ pé oògùn ń pa ariwo, kò pa iná. Ó yẹ kí n ti bi ọ́ léèrè: níbo ni ẹni tí ara rẹ̀ le ti pàdé dókítà eyín?

Mo ti ń ti oògùn ọmọ mi mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì ń bú u pé kò ṣiṣẹ́.

Gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bí mo ṣe ń kọ èyí. Búrẹ́dì tí mo rì sínú tíì nìkan ló ń wọlé. Mi ò ní bá ọ sọ ohunkóhun nípa èmi àti dókítà eyín, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, títí n ó fi rí lẹ́tà rẹ tó máa sọ ọjọ́ tí o jókòó lórí àga wọn. Kì í ṣe ọjọ́ tí o máa lọ. Ọjọ́ tí o lọ. Orí kunkun rẹ yẹn, ọ̀dọ̀ mi lo ti rí i, àmọ́ èmi ni mo ni odindi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ ti mú mi.

Òótọ́ ni. Láti oṣù kejì ni. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri níbi iṣẹ́ wa: ẹni tó bá pa iṣẹ́ jẹ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láàárín ọdún kan, kó máa lọ. Mo ti lo ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ẹsẹ̀ mi rọ́, mo lo ìkejì láti lọ rí dókítà eyín. Èyí tó kù ni mo ń tọ́jú. Mo ní bí nǹkan bá ṣe yín, kí n lè rí ọjọ́ kan sáré wá sílé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kan ò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ ò rí i pé ìrònú mi náà ò pé. Nígbà tí lẹ́tà yín dé pé eyín ń dùn yín, mo wo páálí tó wà lọ́wọ́ mi, mo pín in.

Mo ń ká aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ méjì, mò ń fi èjìká ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọ́n ti ń pè mí ní Ọlọ́rùn-wíwọ́.

Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ka lẹ́tà yín, láàárín àwọn aṣọ gbígbóná. Ọ̀gá wa obìnrin kọjá, ó rí omi lójú mi, ó ní ṣé ẹnì kan kú ni. Mo túmọ̀ lẹ́tà náà fún un látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi òwú pupa, ó jókòó. Nígbà tí mo dé ibi "èmi ni mo ni odindi," ó dìde, ó ní, "Lọ báyìí. Mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀. Irú ìyá yìí, bí mi ò bá jẹ́ kó o lọ, èmi ló máa kọ̀wé sí."

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún ni mo jókòó lórí àga. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́, ẹnu mi kú, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n dí i. Ó kù díẹ̀ kó bọ́, wọ́n ní ká ní mo fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kún un ni, yíyọ ni wọn ì bá yọ ọ́. Wọ́n fún mi ní oògùn tuntun. Mò ń lò ó, odindi.

Màmá, mo ti sọ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lè wú dé ọ̀fun, kí èèyàn má lè mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò ó. Ẹ foríjì mí fún ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìwé kíkà. Ẹ lọ. Bí ẹ ò bá lọ nítorí ara yín, ẹ lọ nítorí mi.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Ọmọ mi, ìyá mi, olórí kunkun mi,

Mo kí ọ, mo kí eyín rẹ tó kù lẹ́nu. Kí ọ̀gá rẹ fún mi. Sọ fún un pé bó bá ní aṣọ tó fẹ́ rán, kó fi ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́.

Fọkàn balẹ̀. Eyín mi ti jáde láti ọgbọ̀njọ́ oṣù kẹrin.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà mi yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jáde kí n tó kọ ọ́. Mi ò purọ́. Lọ tún un kà. Mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú, ṣé tí wọ́n bá fa eyín yọ lánàá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọ̀ lónìí ni? Mo ní mi ò ní bá ọ sọ ohunkóhun, mi ò sì sọ. Ká ní mo sọ fún ọ pé mo ti lọ, ò bá dúpẹ́, ò bá sinmi, ò bá padà sídìí aṣọ ibùsùn rẹ pẹ̀lú eyín jíjẹrà. Mo mọ ẹni tí mo bí.

Ẹni tó ka páálí fún mi, dókítà eyín náà ni. Ọmọdébìnrin kékeré ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tó tèmi ní ìdajì. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe lọ, kó lè sọ fún mi ohun tó ń ṣe ọ́. Nígbà tó kà á tán, mo dìde, mo fẹ́ máa lọ. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ńkọ́?" Mo ní a kì í yọ eyín aránṣọ. Ó ní, "Nígbà wo ni ẹ gbé ohun tó le sí apá yìí jẹ gbẹ̀yìn?" Mi ò rántí. Ó ní, "Ṣé ọmọ yín ń bẹ̀ yín kí ẹ wá?" Mo ní ó ń bẹ̀ mí. Ó ní, "Òun ńkọ́, ẹ fẹ́ kó lọ?" Mo padà jókòó. Ó gbé abẹ́rẹ́ dé, ó ní kí n di ojú. Mo ní ọmọ, ọdún méjìlélógójì ni abẹ́rẹ́ ti ń gún mi níka, ó ti mọ̀ mí. Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí eyín náà jáde. Ó fún mi ní oògùn ọjọ́ márùn-ún, ó kọ oòrùn yíyọ àti oòrùn wíwọ̀ sára páálí bí àwòrán, kí n lè mọ àkókò. Mo ní kó nu àwòrán nù, kó kọ ọ̀rọ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀. Mo kà á. Mo gbé e mì.

Ẹran ẹnu mi ti jinná. Mo sùn di òwúrọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù kejì. Ogójì aṣọ pé, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n kọrin, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún ló jẹ́ ti àlùmọ́gàjí. Mo ti so àlùmọ́gàjí kékeré kan mọ́ ọrùn. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo gbàgbé, mo gbé òwú sẹ́nu, mo gé atẹ́gùn. Òwú náà kàn yọ́ gba ihò kọjá. Oníbúrẹ́dì rí mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì mo gbé páálí oògùn tí ọmọdébìnrin yẹn kọ bá a, mo kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Eyín náà wà nínú agolo bọ́tìnnì. Mi ò lè ju alábàáṣiṣẹ́ mi sí ààtàn.

Má tún pín oògùn rẹ fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi. Bí ara bá ń dùn ọ́, kọ ọ́ pé ara ń dùn ọ́. Ìyá kì í fọ́ nítorí lẹ́tà kan.

Mo fi áńkáṣífù kan síbí, mo kọ orúkọ rẹ sí igun rẹ̀ pẹ̀lú òwú pupa, bíi ti ìgbà yẹn. Yí i padà, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wàá rí i pé ìdí òwú gún régé, àlùmọ́gàjí ló gé wọn. Àfi ti lẹ́tà tó gbẹ̀yìn orúkọ rẹ. Wò ó dáadáa. Eyín apá ọ̀tún ni.

Èmi ni, ìyá rẹ.